Gbèsè Tí Ayàwòrán Jẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí tàbí kò wọ̀ ọ́, bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó ń fara dà á. Bí ó bá wá jẹ́ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ta ni ó wà nínú ojú tí ayàwòrán yà tí ó sì gbé lọ? Ojú tí a yà ní ọjà Múṣin ní àárọ̀, tí a fọ̀ ní Yábà ní ọ̀sán, tí a sì gbé kọ́ sára ògiri ìpàtẹ ní Bámákò tàbí ní Berlin lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta ni ó ni ín? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò ní orí yìí. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ kámẹ́rà ni mí. Bí mo bá ń bá àwọn ayàwòrán wí, bí ẹni ń bá ọmọ ilé wí ni.

Ní ayé àtijọ́, ní gbogbo apá Mainland ní Èkó, láti Súrùlérè dé Yábà dé Múṣin, ẹni tí ó ni fótò kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fótò ni yóò wọ aṣọ tí ó wù ú, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ onífótò. Òun ni yóò yan aṣọ ìkélé tí a kun ní ọ̀dà tí ó fẹ́ kí ó wà lẹ́yìn òun. Òun ni yóò pinnu bóyá òun yóò jókòó tàbí òun yóò dúró, bóyá òun yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún tàbí òun yóò gbé e lé èjìká ìyàwó òun. Onífótò yóò bi í ní orúkọ, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò kọ ọ́ sára àpò tí yóò kó fíìmù sí, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ẹni náà yóò padà wá gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Fótò náà a lọ sí pálọ̀, a wọ inú álúbọ́ọ̀mù, bí ó bá sì di ọjọ́ kan, òun kan náà ni àwọn ọmọ yóò mú lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé tí yóò tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tí a yà ni ó rán onífótò níṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì rán ni níṣẹ́ ni à ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

Irú ayàwòrán mìíràn ni ó dé lẹ́yìn náà. Kò sí oníbàárà kankan tí ó rán an. Ìgboro ni sítúdíò rẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni ìgbésí ayé gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, kí ó lè fi í ṣe àkọsílẹ̀ tàbí kí ó fi í ṣe iṣẹ́ ọnà. Irú iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ní ọdún 2001 ni àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan láti Èkó para pọ̀ di ẹgbẹ́ Depth of Field. Ní 2007 ni Bísí Silva, tí ó di olóògbé ní 2019, dá Centre for Contemporary Art sílẹ̀ ní Yábà, tí ó sì sọ ọ́ di ibi tí a ti ń ka ìwé nípa àwòrán tí a sì ti ń jiyàn lé e lórí. Ní 2010 ni àjọ̀dún LagosPhoto bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo èyí, nítorí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àlejò ni ó ń fi kámẹ́rà rí wa, bí wọ́n sì ṣe rí wa ni ayé ṣe sọ wá lọ́jọ̀. Ó dára kí ọmọ ilé náà fi ojú ara rẹ̀ wo ilé.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé ṣe gba kámẹ́rà, ó gba gbèsè kan mọ́ ọn. Ẹnu ìyá kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ó ṣe yẹ kí a sọ ọ́. Ọjà Ojúwòyè ní Múṣin ni, níbi tí mo ti ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà dé, ó gbé kámẹ́rà sókè sí ìyá náà lójú. Ìyá náà kò bínú, kò sì fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó rán ọ níṣẹ́?”

Ọmọ náà ní, “Kò sí ẹni tí ó rán mi, mà. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe.”

“Ó dára. Kí ni orúkọ mi?”

Ọmọ náà dákẹ́.

“Tí o bá gbé ojú mi dé ibi tí ò ń gbé e lọ, tí wọ́n ní ta nìyí, kí ni wàá sọ fún wọn?”

“Màá ní ìyá kan tí ń ta ata ni, mà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ìyá kan kọ́ ni mí o. Mo ní orúkọ, mo ní ìlú, mo ní ọmọ.” Ó sì bu ata mi sínú ọ̀rá, ó fi èènì sí i, ó fún mi.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyá náà kò bèèrè owó, kò sì sọ pé kí ọmọ náà má ya òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan méjì yìí, ìyọ̀ǹda àti owó, ni àwọn tí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gbé kalẹ̀. Àwọn kan ní bí ayàwòrán bá ti gba ìyọ̀ǹda, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Àwọn mìíràn ní kí ó san owó, kí oníkálukú máa lọ. Àwọn amòfin náà ní tiwọn: òfin ẹ̀tọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà, èyí tí a tún ṣe ní Nàìjíríà ní 2022, fi ẹ̀tọ́ lórí fótò lé ọwọ́ ẹni tí ó yà á. Òfin ni òfin ń jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò kà léèwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó mi orí pé “ó dára” ní ìdí igbá ata, kí ni ó gbà pé kí a ṣe? Kò rí ògiri tí a óò gbé e kọ́, kò mọ ọ̀rọ̀ tí a óò kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń gbà nítorí ìtìjú, nítorí pé àlejò ni ó bèèrè, tàbí nítorí pé ẹni tí ó gbé kámẹ́rà wọ bàtà tí ó dára ju tiwọn lọ. Owó ńkọ́? Mákòkó, ní etí ọ̀sà tí kò jìnnà sí Yábà, ni ó lè dá wa lóhùn. Bóyá ni àdúgbò kan wà ní Èkó tí kámẹ́rà wọ̀ tó o. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ilé orí omi níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2012, kámẹ́rà wà níbẹ̀. Nígbà tí a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó léfòó lórí omi ní 2013, kámẹ́rà wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà wó lulẹ̀ ní 2016, kámẹ́rà tún dé. Ó ti wá di àṣà níbẹ̀ pé kí àlejò san nǹkan kí ó tó ya fótò, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a bá ń kó lẹ́rù lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó ibodè. Ṣùgbọ́n owó náà kò tíì sọ ọmọdé kan tí ń wa ọkọ̀ di ẹni tí ó lórúkọ. “Ọmọ Mákòkó nínú ọkọ̀” ni ó ń jẹ́ títí di òní. Owó ra àkókò rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ ní aláìlórúkọ bí ó ṣe bá a.

Èrò tèmi ni pé orúkọ ni gbèsè náà. Ẹni tí ó bá gba ojú ènìyàn jẹ ẹ́ ní orúkọ: kí ó bèèrè rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì pa á mọ́ pọ̀ mọ́ àwòrán náà kí àwọn méjèèjì má baà pínyà láé. Àwọn ohun yòókù, ìyọ̀ǹda, owó, ẹ̀dà fótò tí a mú padà wá, ẹ̀ka ni wọ́n jẹ́ lára èyí. Orúkọ ni gbòǹgbò wọn, nítorí pé a kò lè mú fótò padà wá fún ẹni tí a kò mọ̀.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Babátúndé Lawal, ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti ṣàlàyé ní 2001 pé ìwò àti ìrántí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà “àwòrán” fúnra rẹ̀: ohun tí a wò kí a lè rántí. Ta ni a lè rántí láìní orúkọ? Ẹ tún wo ohun tí àwọn onífótò ìlú Ìlá Ọ̀ràngún máa ń ṣe nígbà kan rí, tí ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí rẹ̀ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, onífótò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kù bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó lọ sì jẹ́ ọkùnrin, wọn a yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan nínú fótò méjèèjì náà. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò ní ojú mọ́ ní àwòrán, nítorí pé ó ní orúkọ. Àwọn tí ń ṣe èyí mọ̀ pé orúkọ ni ó kọ́kọ́ wà, kí ojú tó tẹ̀ lé e. Tiwa lóde òní ni ó wá yí padà: ojú kún ilé ìpàtẹ, orúkọ kò sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn Èkó nìkan ni èyí. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù wá láti Éṣíà. Ní 1984, nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Afghanistan, ní ẹ̀bá Peshawar ní Pakistan, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Steve McCurry, ya ọmọdébìnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù bí ewé. Ìwé ìròyìn National Geographic gbé e sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1985. Kò sí ibi tí fótò náà kò dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yà á kò bi í ní orúkọ, nítorí náà “ọmọbìnrin Afghanistan” ni ayé ń pè é fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní 2002 ni wọ́n tó wá a rí, tí ayé gbọ́ pé Sharbat Gula ni ó ń jẹ́. Ìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi ojú kan fótò ara rẹ̀. Gbogbo ayé ti wo ojú rẹ̀, àfi òun. Bí a bá sọ pé a jí nǹkan ẹni, tí ẹni náà kò sì mọ̀ pé nǹkan náà wà, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò dínkù. Ó pọ̀ sí i ni.

Ṣùgbọ́n Éṣíà kan náà ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tí ó dára jù lórí bí a ṣe ń san gbèsè náà. Ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, Shahidul Alam dá ilé iṣẹ́ fótò Drik sílẹ̀ ní 1989, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ayàwòrán Pathshala sílẹ̀ ní 1998, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lè fi ọwọ́ ara wọn sọ ìtàn ara wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà púpọ̀ kan tí ń jẹ́ Rana Plaza, tí ó kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rán aṣọ fún àwọn ọjà òkèèrè, wó lulẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú náà. Àwọn tí ó kú lé ní 1,100. Ayàwòrán kan tí ó tún jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, Taslima Akhter, rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú àwókù náà tí wọ́n kú sí ọwọ́ ara wọn. Ó yà wọ́n. Fótò náà lọ káàkiri ayé, ó sì dá ìtìjú sí ojú ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Taslima Akhter wá orúkọ wọn títí, kò rí i, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó jẹ gbèsè tí kò lè san, kò sì ṣe bí ẹni pé kò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa àwọn fótò páásípọ́ọ̀tù tí àwọn ẹbí ń gbé kiri láti wá ènìyàn wọn, tí wọ́n sì ṣe ìwé kan tí wọ́n fi pa ìrántí àwọn òkú náà mọ́. Òun kò rí orúkọ àwọn méjì náà. Ó fi orúkọ àwọn mìíràn san díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìwákiri pàápàá jẹ́ ara ìsanwó.

Àwọn kan yóò takò mí. Wọ́n á ní èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò tíì dúró níbi tí iná ti ń jó. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ, a sì ní tiwa ní Èkó tí a lè fi wò ó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo bú gbàù ní Abúlé-Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tí àwọn olè ti lu ọ̀pá náà ní òru tí àwọn ará àdúgbò sì ti jáde láti bu epo. Àwọn tí ó kú lé ní 200. Akíntúndé Akínlẹ́yẹ, tí ń ṣiṣẹ́ fún Reuters, wà níbẹ̀. Ó ya ọkùnrin kan tí ń bu omi ṣan èéfín kúrò ní ojú rẹ̀, tí èéfín dúdú sì gba gbogbo òfuurufú lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2007 ni fótò náà gba àmì-ẹ̀yẹ World Press Photo, Akínlẹ́yẹ sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, “ọkùnrin kan” ni wọ́n pe ọkùnrin náà.

Èmi kò ní bá ayàwòrán wí nítorí pé kò dúró bèèrè orúkọ níwájú iná. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ rí i fún wa. Bí kì í bá ṣe fótò náà, nọ́ńbà lásán ni òkú Abúlé-Ẹ̀gbá ìbá jẹ́ létí ayé. Ṣùgbọ́n àìráyè ní ọjọ́ iná kò pa gbèsè rẹ́. Gbèsè ni a sún síwájú. Iná a máa kú, àdúgbò a sì máa wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ta wá ni gbèsè náà wà lọ́rùn nígbà náà? Lójú tèmi, kì í ṣe ayàwòrán nìkan ni. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tí ó ta fótò, àwọn tí ó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, àwa tí a wò ó tí a sì kẹ́dùn, gbogbo wa ni a jọ jẹ nínú oúnjẹ náà. Gbogbo wa ni ó sì yẹ kí a jọ san owó rẹ̀. Olùwòran tí ó dúró níwájú fótò ní ilé ìpàtẹ tí kò béèrè pé “ta nìyí?” ń ran aláìbèèrè lọ́wọ́.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní orúkọ lè pa ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fẹ̀hónú hàn nítorí àwọn ọlọ́pàá SARS, tí ìbọn sì dún ní Súrùlérè kí ó tó di ti Lekki, ẹni tí ó bá tẹ ojú àti orúkọ ọmọ kan jáde pọ̀ lè ti fi ọmọ náà lé ọwọ́ ọ̀tá rẹ̀. Shahidul Alam tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fúnra rẹ̀ lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní ẹ̀wọ̀n ní 2018, nítorí ohun tí ó sọ nípa ìfẹ̀hónúhàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, ọmọdé, àti ẹni tí ojú ń tì.

Níbí ni ó ti yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: mímọ orúkọ yàtọ̀ sí kíkéde rẹ̀. Ohun tí mo ní kí ayàwòrán ṣe ni kí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Bóyá yóò kéde rẹ̀ tàbí yóò fi pamọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orúkọ. Àwọn babaláwo wa mọ àṣírí tí ó pọ̀ jù èyí lọ, wọn kì í sì í pariwo rẹ̀ lójú ọjà. Ẹni tí ó mọ orúkọ tí ó sì pa á mọ́ ń dáàbò bo ènìyàn. Ẹni tí kò bèèrè rárá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà rọ̀ lọ́rùn. Àwọn méjèèjì lè gbé fótò aláìlórúkọ kọ́ ògiri kan náà, kí ẹ má sì rí ìyàtọ̀ wọn lójú. Ọjọ́ tí ọmọ ẹni náà bá dé láti béèrè bàbá rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà yóò hàn.

Ọjọ́ náà a sì máa dé. Láàárín 1909 sí 1913, ìjọba amúnisìn rán òyìnbó kan tí ń jẹ́ Northcote Thomas kiri ilẹ̀ Ẹ̀dó àti ilẹ̀ Ígbò láti ṣe ìwádìí nípa àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fótò. Ó mú àwọn ènìyàn dúró, ó fún wọn ní pátákó tí a kọ nọ́ńbà sí kí wọ́n gbé e mọ́ àyà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ìyọ̀ǹda tí ó ní láárí nínú irú èyí. Àṣẹ ìjọba ni. Bí ó ti wù kí ó rí, ó ní ìwé kan tí ó ń kọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2018, àwọn olùwádìí tí Paul Basu ṣe aṣáájú wọn gbé àwọn fótò náà padà sí àwọn ìlú tí a ti yà wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ sì rí bàbá àgbà wọn tí wọn kò rí rí. Kámẹ́rà tí a fi fi àbùkù kàn wọ́n ni ó gbé wọn padà wálé, nítorí ìlà orúkọ kan nínú ìwé. Bí ìránṣẹ́ amúnisìn tí ó ka ènìyàn sí nọ́ńbà bá lè kọ orúkọ sílẹ̀, kí ni àwíjàre ọmọ ilé, tí ó gbọ́ èdè ẹni tí ó ń yà, tí ó sì ń kí i ní ẹ kú ọjà?

Ó ku àwọn oníṣẹ́ ọnà. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìròyìn yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọnà. Pé ohun tí àwọn ń wá ju ẹnìkan lọ, ìrísí ni, ìmọ́lẹ̀ ni, ọmọnìyàn lápapọ̀ ni, àti pé orúkọ a máa dín àwòrán kù. Wọ́n lè tọ́ka sí J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014, tí ó gbé ní Kétu ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, ó sì yà á títí ó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà ń yà. A kì í sábà rí ojú àwọn obìnrin náà, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ṣé òun náà jẹ gbèsè ni?

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà ni irun. Ojú wọn, ó dá a padà fún wọn. Ó sì bèèrè orúkọ irun náà: ó kọ ọ́ pé onílé gogoro nìyí, pé ṣùkú nìyí. Ohun tí ó gbà ni ó sọ lórúkọ. Bí a bá rí ẹni tí ó yẹ kí a ṣì bèèrè lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, onídìrí ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbẹ́ ère tí a rí lórí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni Ojeikere fi sílẹ̀, orúkọ kò sì dín àwòrán kankan kù nínú rẹ̀. Òun gan-an ni ó jẹ́ kí ọmọbìnrin òde òní tí kò mọ irun ìyá rẹ̀ mọ́ lè tún pè é.

Ẹ tún wo Akínbọ̀dé Akínbíyì, tí a bí ní 1946, tí ó fi Berlin ṣe ibùgbé, tí ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ rin Èkó láti ọdún pípẹ́ wá. Irú kámẹ́rà tí ó ń lò ni èyí tí a ń gbé sí àyà, tí a sì ń tẹrí ba kí a tó lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò yára, kò lúgọ, kò fi gíláàsì gígùn fa ènìyàn láti ọ̀ọ́kán. Bí ẹni ń kí ènìyàn ni ó ṣe ń yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú fótò rẹ̀ kò ní orúkọ lábẹ́ fótò, mo sì gbà pé ẹni tí ń kọjá lọ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Ojúẹlẹ́gbà kò ṣeé dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ojú bá jẹ́ ọ̀kan nínú èrò ọjà, ọjà ni ó ni fótò náà, orúkọ ọjà àti ọjọ́ rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá ti yọ ojú kan kúrò láàárín èrò, tí ó sì fi í kún gbogbo fótò, ó ti yan ẹnìkan. Ẹni tí ó bá yan ẹnìkan kò lè sọ mọ́ pé gbogbo ayé ni òun ń yà. Níbi yíyàn yẹn gan-an ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò nítumọ̀ mọ́, nítorí pé gbogbo ọmọ tí ó ní fóònù ti di ayàwòrán. Lójú tèmi, ó nítumọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ayàwòrán kò pọ̀, àdúgbò mọ ẹni tí ó ya fótò, a sì lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní báyìí, ojú ènìyàn lè yí ayé ká kí ọbẹ̀ rẹ̀ tó jinná lórí iná, kí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí kí a máa fi í tọrọ owó ní orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí kámẹ́rà bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajigbèsè ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ìwé kékeré kan nínú àpò, pẹ́ńsù kan, àti ìṣẹ́jú méjì. Kí ayàwòrán wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín, mà?” kí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí ó tún padà lọ ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú ẹ̀dà fótò ní ọwọ́. Kí ilé ìpàtẹ má gba fótò ojú kan wọlé láìbéèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, yálà yóò kọ ọ́ sára ògiri tàbí yóò fi í pamọ́ sínú àpótí. Ẹni tí ó bá bèèrè orúkọ yóò gbọ́ ju orúkọ lọ: yóò gbọ́ ìlú, yóò gbọ́ iye ọmọ, yóò gbọ́ bí ata ṣe wọ́n. Nígbà mìíràn yóò gbọ́ pé òun kò gbọ́dọ̀ ya fótò náà rárá. Ó yẹ kí ó lè gbọ́ èyí náà.

A kì í bí ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá kí ọjọ́ kẹjọ kọjá láìsọ ọ́ lórúkọ. Ṣáájú kí ó tó mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀, àwọn àgbà ti péjọ, wọ́n ti fi omi, iyọ̀ àti oyin pè é, kí ayé má baà lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí ó dé. Ayàwòrán tí ó bá sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di “ọkùnrin kan” tàbí “ìyá kan” ti tú ohun tí odidi ẹbí kan para pọ̀ dì. Kí ó bèèrè, kí ó lè tún un dì.